Ìwé Ìjáde Ológun Amẹ́ríkà fún Ẹni tí Àìsàn Dá Padà: Ohun tí Ó Ṣeé Yí àti Ọ̀nà tí A ń Gbà Yí I

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé ìgbélùú tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí green card ni ó ti wọ iṣẹ́ ológun orílẹ̀-èdè náà. Òfin ibẹ̀ gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàyè láti di ọmọ ogun bí kò tilẹ̀ tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, iṣẹ́ ọ̀hún sì lè mú kí ọ̀nà àti di ọmọ orílẹ̀-èdè yá fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wọlé ni ó ń pẹ́ níbẹ̀. Àìsàn tàbí ìfarapa a máa dá àwọn kan padà láàárín oṣù díẹ̀, nígbà mìíràn kí wọ́n tó parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ìwé tí a fi lé wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń jáde sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ kan nínú tí ó ń kó ìpayà bá àwọn fúnra wọn àti àwọn òbí wọn nílé. Ọ̀rọ̀ náà ni "Uncharacterized", èyí tí a lè pè ní ìjáde tí a kò fún lórúkọ.

A kọ àlàyé yìí fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ wa tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àti fún àwọn ẹbí wọn tí ń béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe. Kókó rẹ̀ ni pé ìjáde tí a kò fún lórúkọ kì í ṣe ẹ̀gàn, àti pé kí ènìyàn tó dìde láti yí i padà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó fẹ́ gbà gan-an. Àwọn àǹfààní kan wà tí kò béèrè pé kí a yí ìwé náà rárá. Àwọn mìíràn wà tí a kò lè rí gbà láìyí i. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè fi ọdún púpọ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí a ṣe ń ka ìwé ìjáde

Ìwé tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń gbà nígbà tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni à ń pè ní DD Form 214. Àpótí 24 nínú rẹ̀ ni ó ń sọ irú ìjáde. Àpótí 25 ń sọ òfin tí a tẹ̀lé, àpótí 26 ń sọ àmì ìjáde, àpótí 27 ń sọ bóyá ènìyàn lè padà wọṣẹ́, àpótí 28 sì ń sọ ìdí tí ó fi jáde.

Ìwé yìí ní ẹ̀dà kúkúrú àti ẹ̀dà gígùn. Àwọn àpótí tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí kò sí nínú ẹ̀dà kúkúrú. Ẹ̀dà gígùn, tí a sábà máa ń kọ "Member-4" sí nísàlẹ̀, ni ó yẹ kí ẹ ní lọ́wọ́. Bí ó bá ti sọnù, a lè béèrè fún òmíràn láti Ilé Àkójọpọ̀ Ìwé Òṣìṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ó wà ní ìlú St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Fọ́ọ̀mù tí a ń lò fún ìbéèrè náà ni SF 180.

Oríṣi ìjáde tí ó wà

Ìjáde tí ó ga jù ni ti ọlá, èyí tí wọ́n ń kọ ní "Honorable". Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni "General, Under Honorable Conditions", ìyẹn ìjáde gbogboogbò tí ó ṣì wà lábẹ́ ọlá. Ẹ̀kẹta ni "Other Than Honorable", èyí tí kò ní ọlá nínú. Méjì tí ó kù, ìjáde ìwà búburú àti ìjáde àbùkù, kì í bọ́ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe pé ilé ẹjọ́ ológun dá a lẹ́bi.

Ìjáde tí a kò fún lórúkọ kò sí lórí àkàbà yìí rárá. Kò ga, bẹ́ẹ̀ ni kò rẹlẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ń sọ níhìn-ín ni pé ẹni náà kò pẹ́ tó nínú iṣẹ́ tí àwọn fi lè wo ìwà àti iṣẹ́ rẹ̀ kí àwọn tó fún un ní orúkọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ 180 àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ni ìlànà kà sí àkókò ìwọṣẹ́ tí irú ìjáde yìí jẹ mọ́. Ìlànà náà a máa yí láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà èyí tí ó wà lójú iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ènìyàn jáde ni kí a wò. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Kì í ṣe ọjọ́ tí ènìyàn kúrò ní bárékè ni à ń kà dé, bí kò ṣe ọjọ́ tí wọ́n fún un ní ìwé pé ètò ìjáde rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé yẹn bá dé lẹ́yìn tí àkókò ìwọṣẹ́ ti parí, tí wọ́n sì tún kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìjáde rẹ̀, a jẹ́ pé àṣìṣe wà níbẹ̀ tí a lè tọ́ka sí. Ẹ ka ọjọ́ náà dáadáa.

Bí àìsàn ṣe ń mú ènìyàn kúrò

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tí àwọn dókítà ológun sọ, láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́, pé ó ní àìlera kan tí ì bá ti dí i lọ́nà láti wọṣẹ́ ká ní wọ́n ti rí i nígbà àyẹ̀wò ìwọṣẹ́. Ikọ́ fée àti àìlera eegun wà lára irú rẹ̀. Èkejì ni ti ẹni tí ó ní ìṣòro ara tàbí ti ọkàn tí ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ìlànà ológun kò kà sí àbùkù ara tí owó wà fún. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí ó farapa tàbí tí ó ṣàìsàn nítorí iṣẹ́ náà gan-an, tí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kì í ṣe kékeré. Ní ọ̀nà kẹta, bí a bá díwọ̀n àìlera náà sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni náà lè gba ìfẹ̀yìntì nítorí àìlera; bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, owó ìdágbére ẹ̀ẹ̀kan ni ó sábà máa ń gbà. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́ àti èkejì, kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nítorí náà, àríyànjiyàn tí ó ń fa ẹjọ́ jù lọ ni èyí: ṣé ẹni náà gbé àìsàn yìí wá láti ilé ni, àbí iṣẹ́ ológun ni ó fà á tàbí tí ó mú un le sí i?

Ohun tí kò béèrè pé kí a yí ìwé

Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń tọ́jú àwọn ológun àtijọ́, tí à ń pè ní VA, ní ìlànà tirẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ ológun. Nínú ìlànà náà, ẹni tí ó jáde ní àkókò ìwọṣẹ́ láìgba orúkọ kì í ṣe ẹni tí ó jáde pẹ̀lú àbùkù. Ó lè béèrè fún owó ìrànwọ́ àìlera àti ìtọ́jú fún àìsàn tí iṣẹ́ ológun fà, ìbáà jẹ́ pé oṣù díẹ̀ péré ni ó lò. Òótọ́ ni pé òfin béèrè oṣù 24 nínú iṣẹ́ kí ènìyàn tó jẹ àwọn àǹfààní kan, ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ ẹni tí ó ní àìlera tí iṣẹ́ fà, tí ó sì tó gba owó lé lórí, sílẹ̀.

Òfin VA tún sọ pé kí a gbà pé ara ẹni tí ó wọṣẹ́ yá, àfi ní ti àìlera tí a kọ sílẹ̀ nígbà àyẹ̀wò ìwọṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba ni ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì hàn pé àìsàn náà ti wà tẹ́lẹ̀, àti pé iṣẹ́ kò mú un le sí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ti wà tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun mú un burú sí i, ẹ̀tọ́ ṣì lè wà.

Fọ́ọ̀mù VA 21-526EZ ni a fi ń béèrè. Ẹni tí ó bá fi í ránṣẹ́ kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn ìjáde rẹ̀, tí wọ́n sì gbà á fún un, ọjọ́ kejì ìjáde rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ náà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Èyí ni ìdí tí kò fi dára kí ènìyàn máa dúró de àtúnṣe ìwé ìjáde kí ó tó lọ bá VA. Ẹni tí ó ti padà sí Nàìjíríà náà kò pàdánù ẹ̀tọ́ yìí: a lè san owó àìlera fún un nílẹ̀ òkèèrè, ètò kan sì wà tí VA fi ń san owó ìwòsàn fún àìsàn tí iṣẹ́ fà fún àwọn tí kò gbé ní Amẹ́ríkà.

Ohun tí ó lè béèrè pé kí a yí ìwé

Ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè ni àkọ́kọ́, òun ni ó sì wúwo jù fún àwọn ènìyàn wa. Ní àkókò àlàáfíà, òfin béèrè iṣẹ́ ọlá fún ọdún kan. Ní àkókò tí ìjọba kéde pé ogun wà, irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, òfin kò dá ọdún kan náà, ṣùgbọ́n ó ṣì béèrè iṣẹ́ ọlá. Ìjáde ọlá àti ìjáde gbogboogbò lábẹ́ ọlá ni ó tẹ́ òfin yìí lọ́rùn láìsí àríyànjiyàn. Ìjáde tí a kò fún lórúkọ kò ní ọ̀rọ̀ ọlá lójú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìdíwọ́ ti lè yọ. Kí ẹni tí ó bá wà ní ipò yìí bá agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin ìwọlé àti ìgbélùú sọ̀rọ̀ kí ó tó fi fọ́ọ̀mù N-400 ránṣẹ́ lórí ẹ̀tọ́ ológun. Bí ọdún tí ó ti lò pẹ̀lú green card bá ti pé gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí fún gbogbo ènìyàn, ó lè gba ọ̀nà ti gbogbo ènìyàn láìfi iṣẹ́ ológun ṣe ìpìlẹ̀ ìbéèrè rẹ̀.

Èkejì ni ètò ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní Post-9/11 GI Bill, tí ó béèrè ìjáde ọlá. Ẹ̀kẹta ni pípadà sí iṣẹ́ ológun. Nípa èyí, àpótí 27 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nínú ẹ̀ka ológun orí ilẹ̀, RE-3 túmọ̀ sí pé ìdíwọ́ wà, ṣùgbọ́n a lè tọrọ ìyọ̀ǹda; RE-4 ni ìdíwọ́ tí a kì í sábà mú kúrò. Ẹni tí ó ní RE-3, tí ara rẹ̀ sì ti yá, lè bá òṣìṣẹ́ tí ń gba ènìyàn síṣẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda láìkọ́kọ́ yí ìwé ìjáde.

Ohun mẹ́ta tí a lè béèrè

Ẹni tí ó fẹ́ àtúnṣe gbọ́dọ̀ yan ohun tí ó ń béèrè. Ó lè béèrè pé kí a yí irú ìjáde tí ó wà ní àpótí 24 sí ti ọlá. Ó lè béèrè pé kí a yí ìdí ìjáde tí ó wà ní àpótí 28. Ó sì lè béèrè pé kí a tún ọ̀rọ̀ àìsàn náà gbé yẹ̀ wò, kí a kà á sí ti iṣẹ́.

Ti àkọ́kọ́ ni ó ṣòro jù. Àwọn ìgbìmọ̀ a máa dáhùn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀gàn, nítorí náà kò sí ohun tí àwọn ní láti tún ṣe. Ìlànà fàyè gba ìjáde ọlá ní àkókò ìwọṣẹ́ bí ìwà àti iṣẹ́ ẹni náà bá ta yọ lọ́nà tí kò wọ́pọ̀, tí olórí ẹ̀ka ológun náà sì fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹ̀bẹ̀ lásán gbà.

Ti èkejì rọrùn díẹ̀, pàápàá bí ìdí tí a kọ bá jẹ́ àrùn ọpọlọ tàbí ìṣòro ìwà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń tú àṣírí ìlera ènìyàn fún gbogbo agbanisíṣẹ́ tí ó bá béèrè ìwé náà, àwọn ìgbìmọ̀ sì ti yí i sí ọ̀rọ̀ tí kò tú àṣírí fún àwọn mìíràn rí.

Ti ẹ̀kẹta ni ó ní èrè jù, òun náà ni ó sì béèrè ẹ̀rí jù.

Ìgbìmọ̀ tí a ń lọ bá

Ìgbìmọ̀ Àyẹ̀wò Ìwé Ìjáde ni àkọ́kọ́. DD Form 293 ni a fi ń kọ̀wé sí i, ó sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí ọdún 15 tó pé láti ọjọ́ ìjáde. Ó lè yí irú ìjáde àti ìdí rẹ̀. Kò ní agbára láti sọ ìjáde lásán di ìfẹ̀yìntì àìlera, kò sì lè dá ènìyàn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ènìyàn lè ní kí wọ́n fi ìwé nìkan ṣe àyẹ̀wò, tàbí kí ó béèrè pé òun fẹ́ fara hàn. Ó dára kí a kọ́kọ́ gba ti ìwé, nítorí bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ààyè ṣì wà láti béèrè ìfarahàn bí ọdún 15 kò bá tíì pé.

Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Àkọsílẹ̀ Ológun ni èkejì. Ẹ̀ka ológun orí ilẹ̀ ní tirẹ̀. Ti orí omi àti àwọn Marine ń lo ọ̀kan náà. Ti òfuurufú àti ti Space Force ń lo ọ̀kan náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun sì ní tiwọn. DD Form 149 ni a fi ń kọ̀wé sí i láàárín ọdún 3 láti ìgbà tí ènìyàn ti mọ̀ pé àṣìṣe tàbí àìṣòdodo wà. Ìgbìmọ̀ náà lè gbójú fo ọdún 3 yìí bí òdodo bá béèrè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó pẹ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí ó fi pẹ́. Ìgbìmọ̀ yìí nìkan, nínú méjèèjì, ni ó lè tún ọ̀rọ̀ àìlera àti ìfẹ̀yìntì gbé yẹ̀ wò. Bí ohun tí a ń béèrè bá sì wà lábẹ́ agbára ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́, tí ọdún 15 kò sì tíì pé, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ ni wọn yóò ní kí ènìyàn kọ́kọ́ lọ.

A kì í san owó kankan fún èyíkéyìí nínú fọ́ọ̀mù méjèèjì. Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá ti kú, tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé láti ṣe é fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, ẹbí tí ó sún mọ́ ọn jù, tàbí aṣojú tí òfin mọ̀ lè kọ̀wé dípò rẹ̀.

Ẹ̀rí ni ó ń gba ẹjọ́

Àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbàgbọ́ pé ohun tí ilé iṣẹ́ ológun ṣe tọ̀nà. Ẹni tí ó ń béèrè àtúnṣe ni ó ní láti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tí ó wúlò nìwọ̀nyí:

Àbájáde àyẹ̀wò ìwọṣẹ́, níbi tí dókítà ti kọ ọ́ pé ara ẹni náà yá.

Gbogbo àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ológun, pẹ̀lú ọjọ́ tí ìrora náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìwé tí ó fi ìdí ìjáde hàn, àti èyí tí ó sọ ọjọ́ tí wọ́n fi ètò náà tó o létí.

Àkọsílẹ̀ ìlera láti ilé. Ẹni tí ó gba ìwé ìgbélùú láti Nàìjíríà ti ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ dókítà tí ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà fọwọ́ sí. Ìyẹn àti ìwé ilé ìwòsàn tí ó ń lọ tẹ́lẹ̀ lè jẹ́rìí pé kò ní àìsàn náà kí ó tó wọṣẹ́.

Èrò dókítà tí ó ṣàlàyé, pẹ̀lú ìdí, bí iṣẹ́ ṣe fa àìlera náà tàbí bí ó ṣe mú un le sí i.

Ìwé ìbúra láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó jọ wà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àti ti ẹbí tí ó mọ bí ara rẹ̀ ti rí tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní ọmọbìnrin kan wọṣẹ́ pẹ̀lú ara líle, tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ sán ní ọ̀sẹ̀ keje nítorí ìrìn gígùn pẹ̀lú ẹrù, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé ó ti ní àìlera eegun tẹ́lẹ̀. Bí ó bá kọ̀wé pé "mo sin orílẹ̀-èdè yìí tọkàntọkàn, ẹ fún mi ní ìjáde ọlá", ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ̀ ọ́. Bí ó bá fi àyẹ̀wò ìwọṣẹ́ tí kò ní àbùkù, àwòrán eegun láti ọ̀sẹ̀ keje, àti èrò dókítà eegun ránṣẹ́, tí ó sì béèrè pé kí a tún ìpinnu náà yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi dúró.

Ní ti àrùn ọkàn, ìpalára orí àti ìfipábánilòpọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́, ìtọ́sọ́nà ìjọba ti ọdún 2014 àti ti 2017 pàṣẹ kí àwọn ìgbìmọ̀ fi ojú àánú wo ẹ̀rí, nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní àkọsílẹ̀ kíkún. Ẹ̀rí ẹnu ẹni náà fúnra rẹ̀ lè tó níbẹ̀.

Àkókò tí ó ń gbà

Òfin ní kí àwọn ìgbìmọ̀ àtúnṣe parí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ẹjọ́ wọn láàárín oṣù 10, kí èyíkéyìí má sì ju oṣù 18 lọ. Bí wọ́n bá gba ẹ̀bẹ̀, wọn yóò fún ènìyàn ní DD 214 tuntun tàbí DD 215 tí ó tún ti àtijọ́ ṣe. Bí wọ́n bá kọ̀, a lè tún kọ̀wé bí ẹ̀rí tuntun bá yọ, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ náà sì wà.

Ìkìlọ̀

Ẹ má ṣe ra ìwé ilé ìwòsàn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni búra èké nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Irọ́ nínú fọ́ọ̀mù ìjọba Amẹ́ríkà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ó sì lè ba ìwé ìgbélùú ènìyàn jẹ́. Bákan náà, ẹni tí ó mọ̀ pé òun ti ní àìsàn kan tẹ́lẹ̀, tí kò sì sọ ọ́ nígbà tí ó ń wọṣẹ́, gbọ́dọ̀ rí agbẹjọ́rò kí ó tó kọ ohunkóhun, nítorí wọ́n lè sọ pé ẹ̀tàn ni ó fi wọṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń gba owó nílé àti lókè òkun pẹ̀lú ìlérí pé àwọn mọ ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ológun àtijọ́ tí VA fọwọ́ sí, bí American Legion, DAV àti VFW, a máa ran ènìyàn lọ́wọ́ lórí ìbéèrè VA láìgba kọ́bọ̀.

Ní ṣókí

Ẹ wá ẹ̀dà gígùn ìwé ìjáde. Ẹ ka ọjọ́ iṣẹ́ títí dé ọjọ́ tí ìwé ìfitónilétí dé. Ẹ kọ̀wé sí VA láìdúró bí àìlera bá wà. Ẹ kó àkọsílẹ̀ ìlera ilé àti ti ológun jọ. Ẹ yan ohun kan pàtó tí ẹ fẹ́ béèrè, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ó ní agbára lé e lórí kí àkókò tó kọjá. Kí ẹ̀yin òbí sì mọ̀ pé ọmọ tí àìsàn dá padà láti ibi iṣẹ́ ológun kò hùwà àìtọ́. Ìwé rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé sọ bẹ́ẹ̀ fún un.